My Father's Shadow: Fíìmù Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Lójú Ọ̀nà Èkó

My Father's Shadow, èyí tí à bá máa pè ní Òjìji Bàbá Mi, ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Akinola Davies Jr. darí, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wale Davies, jọ kọ ìtàn rẹ̀. Níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Cannes ní ilẹ̀ Faransé ni a ti kọ́kọ́ fi í han aráyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn fíìmù tí àjọ̀dún ńlá náà fúnra rẹ̀ ń yàn. Ìtàn ọmọkùnrin méjì ni, Olaremi ọmọ ọdún 11 àti Akinola ọmọ ọdún 8, tí wọ́n bá bàbá wọn rin ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo lọ sí Èkó Akéte, Èkó arómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 1993, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń retí àbájáde ìbò ààrẹ.

Fíìmù tí ń sọ bí èwe ṣe ń di àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti pẹ́ ní ìlà-oòrùn Éṣíà: Edward Yang ti ṣe A Brighter Summer Day ní Taiwan ní 1991, Hirokazu Kore-eda sì ṣe I Wish ní Japan ní 2011, nínú èyí tí ọmọ ìyá méjì gidi ti ṣe eré ọmọ ìyá méjì tí ìpínyà òbí wọn ti sọ di ará ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, Túndé Kèlání gbé Maami jáde ní 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, ìtàn ọmọ kan àti ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Ema Edosio sì ṣe Kasala! ní 2018, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ní Èkó ti gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni lọ sóde àríyá, tí wọ́n sì bà á jẹ́. Nínú Kasala!, ọ̀rẹ́ ni ó mú àwọn ọmọ náà pọ̀. Nínú My Father's Shadow, ọmọ ìyá ẹni ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́, orí èyí sì ni gbogbo fíìmù náà dúró lé.

Ìtàn inú rẹ̀

Àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ni ó wà nílé ní abúlé, ìyá wọn ti jáde, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, àfi bí bàbá wọn, Folarin, ẹni tí iṣẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí wọ́n rí bí wọ́n ti fẹ́, ṣe yọ sí wọn lójijì nínú yàrá. Ó bá wọn wí díẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì pinnu láti mú wọn dání lọ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Epo tán nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n sì di ẹni tí ń wá ọlọ́kọ̀ mìíràn tí yóò ṣàánú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá tí yóò sanwó kò sí níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní alẹ́.

Báyìí ni ọjọ́ gígùn kan ṣe ṣí sílẹ̀ níwájú wọn ní àárín ìgboro. Bàbá mú wọn lọ sí ọgbà ìṣeré. Ó mú wọn kí àwọn ojúlùmọ̀ tí ń fi orúkọ ìnagijẹ kí i, orúkọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí nílé. Wọ́n jẹun níbi tí ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ ti wo bàbá wọn ní ọ̀nà tí kò jọ ti oníbàárà. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí àgbà fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ọmọ tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ a máa rí i. Olaremi rí i. Kò wí nǹkan kan, ojú rẹ̀ ni ó yí padà, àbúrò rẹ̀ tí òye kò tíì kún inú rẹ̀ sì ń jẹun tirẹ̀ lọ. Ní ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni ọmọ ọdún 11 ti kúrò lẹ́gbẹ́ ọmọ ọdún 8, nítorí ó ti di ẹni tí ó ní àṣírí láti pa mọ́ fún àbúrò rẹ̀, àti fún ìyá wọn pẹ̀lú.

Etí òkun ni ọkàn fíìmù náà wà, ní ojú tèmi. Bàbá àti ọmọ bọ́ sínú omi, wọ́n ṣeré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà ni Folarin jókòó ti àkọ́bí rẹ̀, ó sì sọ ìtàn arákùnrin tirẹ̀ tí omi gbé lọ nígbà èwe. Kò kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́, kò pa òwe fún un. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni ó ṣí hàn án, bí ọ̀rẹ́ ti í ṣí tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọjọ́ yẹn, bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú àkísà rẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀nà àti àwọn bàbá tí kì í sí nílé

A kò lè sọ ọ̀rọ̀ fíìmù yìí tán fún ará Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láì kan ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni Mowe àti Ìbàfò, tí wọ́n wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ti ń kúrò ní abúlé díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń di ibi tí òṣìṣẹ́ Èkó tí owó ilé ti wọ̀ lọ́rùn ń wá sùn. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ ti wà lójú irin láti ayé àwọn òyìnbó, ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàbá ni ó ń jáde ní àwọn ìlú yìí kí àkùkọ tó kọ, tí wọn kì í wọlé títí ọmọ yóò fi sùn, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ a máa mọ ìró bàtà bàbá rẹ̀ ju ìrísí ojú rẹ̀ lọ. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà náà, àti ìgbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n, a máa jẹ díẹ̀ tí ó kù nínú wákàtí ilé. Folarin kì í ṣe ará Mowe, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ kò ṣàjèjì níhìn-ín: ó fi ilé sílẹ̀ nítorí àwọn ará ilé, ìfisílẹ̀ náà sì ni ọmọ rẹ̀ ń bi í léèrè.

Ìbò June 12

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni Moshood Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ẹgbẹ́ SDP, àti Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC, du ipò ààrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba ológun Babangida kéde pé òun ti fagi lé ìbò náà. Nínú fíìmù náà, ilé ọtí ni ìkéde náà ti bá Folarin àti àwọn ọmọ rẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n. Ayọ̀ tí ó wà lójú àwọn ènìyàn láti àárọ̀ parẹ́, ìgboro dàrú, àwọn ṣọ́jà sì dí ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà sílé. Ètè àwọn àgbà ni àwọn ọmọ ti gbọ́ òṣèlú, ìbẹ̀rù ojú bàbá wọn ni wọ́n sì fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń jiyàn lé lórí

Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú Folarin nígbà mìíràn, kò sì sẹ́ni tí ó sọ ìdí rẹ̀. Ó yọ láìròtẹ́lẹ̀, bí ẹni tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìparí fíìmù sì mú wa dé ibi ìsìnkú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe gbà pé òkú ni ó mú àwọn ọmọ náà rìn, pé ọjọ́ náà kò ṣẹlẹ̀ rárá àfi nínú ọkàn àwọn tí ń fẹ́ bàbá. Àwọn mìíràn ní alààyè ni, pé àwọn àmì wọ̀nyí kàn ń kìlọ̀ ikú tí ń bọ̀ ni. Fíìmù náà kò ti ọ̀kan lẹ́yìn, kò sì yẹ kí àkọsílẹ̀ bíi èyí ṣe é fún un. Ohun tí a lè dì mú ni pé bàbá àwọn Davies méjèèjì kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Akinola kò tíì pé ọdún méjì. Fún ẹni tí ó bá mọ èyí, ìyàtọ̀ láàrin ìrántí àti àfẹ́rí kì í tóbi mọ́.

Àwọn tí ó ṣe é àti ibi tí ó dé

Ṣọpẹ́ Dìrísù, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe Folarin. Chibuike Marvellous Egbo àti Godwin Chiemerie Egbo, ọmọ ìyá kan náà lóòótọ́, ni ó ṣe àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí Kore-eda ti ṣe ní Japan. A kò lè kọ́ òṣèré bí a ṣe ń ti ara ẹni láìwo ojú ara ẹni. Inú ilé ni wọ́n ti mú un wá. Àwòrán orí fíìmù 16mm ni Jermaine Edwards yà. Ṣáájú fíìmù yìí, Akinola Davies ti ṣe Lizard ní 2020, fíìmù kúkúrú nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Èkó, tí ó gba ẹ̀bùn gíga jù lọ fún fíìmù kúkúrú ní àjọ̀dún Sundance ní 2021.

Ní Cannes, àwọn adájọ́ Caméra d'Or, ẹ̀bùn fíìmù àkọ́kọ́, dárúkọ My Father's Shadow fún ìyìn pàtàkì. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ni ó dé gbọ̀ngàn sinimá ní Nàìjíríà. Nítorí pé owó BBC Film àti BFI wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi í ránṣẹ́ fún ẹ̀bùn Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ìtàn rẹ̀, tí Yorùbá, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà sì jẹ́ èdè ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀.