Ta Ni Ọ̀gá Pátápátá? Àríyànjiyàn Lórí Àwọn Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Tó Wúwo Jùlọ

Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, oyè àgbáyé ti ẹ̀ka tó wúwo jùlọ ni olórí gbogbo oyè, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òṣùwọ̀n kò ti dá ẹnikẹ́ni padà: bó ti wù kí ènìyàn ga tó, bó ti wù kó tẹ̀wọ̀n tó, ó lè wọlé. Ẹni tó bá jẹ oyè náà ni aráyé ń wò bí ẹni tí apá kò ká. Àríyànjiyàn lórí ta ló ju ta lọ nínú àwọn tó ti jẹ ẹ́ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì rọrùn láti parí, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń fi wéra kò lè pàdé láéláé. Jack Johnson ti kú ní 20 ọdún kí wọ́n tó bí Mike Tyson. Nígbà tí Joe Louis ja ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní 1951, ọmọ ọdún 9 ni Muhammad Ali. Ohun tí àwọn olùjiyàn ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ gan-an, òṣùwọ̀n ni. Ṣé iye ìjà tí ẹnì kan borí ni ká kà, àbí iye ọdún tó lò lórí oyè, àbí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó ní àkókò tó gbóná jù, àbí irú àwọn tó bá jà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúwo jù, òun náà ni wọ́n sì ń gbàgbé jù, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó tó oyè í jà fún ni wọ́n gbà láyè kó jà fún un.

Orí John L. Sullivan ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀, òun tó jẹ́ ọ̀gá ìkẹyìn láyé àtifi ọwọ́ lásán jà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1892, ní ìlú New Orleans, James J. Corbett fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lù ú bolẹ̀ ní abala 21. Sullivan ti kéde pé òun kò ní bá aláwọ̀ dúdú jà, kò sì bá a jà. Ẹni tí ìkéde yẹn pa lára jù ni Peter Jackson, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Croix, tó di olókìkí ní Ọsirélíà. Ní 1891, Jackson àti Corbett yìí kan náà jà fún abala 61 ní San Francisco. Kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì, wọ́n sì tú ìjà náà ká láìní olúborí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Corbett di ọ̀gá àgbáyé. Jackson kò jà fún oyè náà títí ó fi kú. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè fi hàn pé Corbett jù ú lọ, síbẹ̀ orúkọ Corbett ló wà nínú ìlà àwọn ọlóyè.

Jack Johnson ló kọ́kọ́ já ìdè yìí. Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí i ní 1878, ó sì ní láti lé Tommy Burns, ará Kánádà tó wà lórí oyè, kiri ayé kí ó tó rí i bá jà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1908, ní Sydney, ó nà án débi pé ọlọ́pàá ló dá ìjà dúró ní abala 14. Ara àwọn aláwọ̀ funfun kò gbà á. Wọ́n lọ gbé James J. Jeffries, ọ̀gá tẹ́lẹ̀ tí kò tíì sẹ́ni tó nà án rí, dìde láti ibi ìfẹ̀yìntì. Johnson dá a dúró ní abala 15 ní Reno ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1910. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà nítorí ìjà yìí, ẹ̀mí sì sọnù. Ní 1912, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé fíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nat Fleischer, ẹni tó dá ìwé ìròyìn The Ring sílẹ̀ ní 1922, ka Johnson sí ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn, nítorí bó ṣe mọ ẹ̀ṣẹ́ í yẹ̀ àti bó ṣe ń fi ọwọ́ mú ẹ̀ṣẹ́ alátakò lójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà tí olùgbèjà rẹ̀ kò lè fi pamọ́: nígbà tó gorí oyè tán, kò fún Sam Langford àti Joe Jeannette, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, láyè. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó bá jà fún oyè ni Battling Jim Johnson, ní Paris ní 1913, wọ́n sì ta ọ̀mì. Havana, olú ìlú Kúbà, ni Jess Willard ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1915, ní abala 26.

Lẹ́yìn Johnson, ilẹ̀kùn tún tì. Jack Dempsey tó lu Willard bolẹ̀ lẹ́ẹ̀meje ní abala kìn-ín-ní ní Toledo ní 1919 ni àwọn oníròyìn tí àjọ Associated Press bi léèrè ní 1950 yàn gẹ́gẹ́ bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ga jùlọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà. Willard fi nǹkan bíi kílò 26 wúwo jù ú lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé Dempsey kò lágbára. Síbẹ̀ ó jókòó lórí oyè fún ọdún mẹ́ta gbáko, láti 1923 sí 1926, láìjà fún un, nígbà tí Harry Wills, aláwọ̀ dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló kàn, ń dúró. Ìjà yẹn kò wáyé. Ẹni tó bá gbé Dempsey sókè jù ní láti wá nǹkan sọ sí èyí.

Joe Louis ni ìdáhùn sí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ó gba oyè lọ́wọ́ James Braddock ní Chicago ní oṣù Kẹfà ọdún 1937, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 1949. Ìgbà 25 ló gbé oyè náà kalẹ̀, tó sì tún gbé e padà sílé. Kò tíì sẹ́ni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gorí oyè. Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló pọ̀ nínú àwọn tó nà, pàápàá ní 1941 tó ń jà fẹ́rẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sá fún ẹnikẹ́ni kò lè dá irú àwọn tí ìgbà rẹ̀ bí. Max Schmeling, ará Jámánì, lù ú dákú ní abala 12 ní 1936. Louis pè é padà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1938, ní Yankee Stadium, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ tí ìjà fi parí. Bí ènìyàn ṣe ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá nà án ń fi irú ẹni tó jẹ́ hàn ju bó ṣe ń ṣe nígbà tó ń borí lọ.

Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ Rocky Marciano fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olùjiyàn. Ìjà 49 ló jà, gbogbo rẹ̀ ló borí, 43 nínú rẹ̀ kò sì dé òpin tí alátakò fi ṣubú tàbí tí wọ́n dá a dúró. Kò sí ọ̀gá mìíràn nínú ẹ̀ka yìí tó fẹ̀yìn tì láìní àdánù kankan tàbí ọ̀mì pẹ̀lú irú iye bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti ń tán Jersey Joe Walcott, Joe Louis, Ezzard Charles àti Archie Moore nígbà tó bá wọn pàdé. Ọmọ ọdún 37 ni Louis tó lù bolẹ̀ ní abala 8 ní 1951. Ìgbà mẹ́fà péré ló sì gbèjà oyè. Òun fúnra rẹ̀ kò ju kílò 85 lọ púpọ̀. Ní 1969, wọ́n gba òun àti Ali láti ya fíìmù ìjà kan tí kọ̀ǹpútà máa dá ẹjọ́ rẹ̀. Marciano kú nínú jàǹbá bàálù kí fíìmù náà tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1970, kọ̀ǹpútà sì ní òun ló borí ní abala 13. Kò sẹ́ni tó gba ẹjọ́ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn.

Muhammad Ali ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ kí wọ́n tó parí ìbéèrè. Wọ́n lè máa fi ẹnu rẹ̀ àti ìgboyà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun Vietnam ṣe ìdí, ṣùgbọ́n nínú ìjà nìkan náà, ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ó gba oyè lọ́wọ́ Sonny Liston ní 1964. Ní 1967 wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kó tó tún jà, àwọn ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù sì ni. Ẹni tó padà wá ní 1970 kò lè jó lójú ìjà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni yẹn ló sì ja àwọn ìjà tó tóbi jù. Joe Frazier nà án ní 1971, Ken Norton fọ́ páárì rẹ̀ ní 1973, ó sì padà na àwọn méjèèjì. Ìṣirò àwọn olùjiyàn máa ń dàrú síbí. George Foreman lu Frazier bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ní abala méjì, ó sì ṣe Norton náà ní abala méjì. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó na ẹni tó nà ọ́ á nà ọ́, Ali ìbá kú ní Kinshasa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1974. Ó fẹ̀yìn ti okùn, ó jẹ́ kí Foreman lu ara rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ ní abala 8. Àdánù tó jẹ lọ́wọ́ Larry Holmes ní 1980 àti Trevor Berbick ní 1981 kò yẹ kí wọ́n máa kà mọ́ ọn lọ́rùn. Ara tó ti ṣàárẹ̀ ni wọ́n nà.

Foreman fúnra rẹ̀ di ohun ìyanu nígbà tó padà gba oyè lọ́wọ́ Michael Moorer ní 1994, ní ọmọ ọdún 45. Holmes borí ìjà 48 léraléra kí Michael Spinks tó nà án ní 1985 nígbà tó ku ìjà kan kó bá Marciano dọ́gba. Bóyá ìgbà tó bọ́ sí, lẹ́yìn Ali gan-an, ni kò jẹ́ kí wọ́n fún un ní iyì tó tọ́ sí i.

Mike Tyson ni ẹ̀rí àwọn tó gbà pé ọjọ́ tó gbóná jù ni ká wò. Ọmọ 20 ọdún ló gba oyè ní 1986, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo àwọn tó ti jẹ ẹ́. Spinks kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá 91 lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1988. Àwọn tó rí i nígbà náà, tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn, bí ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ṣe ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Buster Douglas dúró gbọn-in sí i ní Tokyo ní 1990, kò rí nǹkan mìíràn mú jáde. Kò sì borí Evander Holyfield tàbí Lennox Lewis. Lewis ní tirẹ̀ padà na Oliver McCall àti Hasim Rahman, àwọn méjì péré tó nà án rí.

Lewis àti Wladimir Klitschko, tó lé ní ọdún mẹ́sàn-án lórí oyè kí Tyson Fury tó gbà á ní 2015, ló gbé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara dìde. Àwọn méjèèjì ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, wọ́n sì wúwo ju kílò 105 lọ. Àwọn kan ní irú ara yìí á jẹ Marciano àti Dempsey run. Àwọn mìíràn dáhùn pé láyé Marciano, abala 15 ni ìjà oyè, kí ikú akànṣẹ́ ará Kòríà, Duk Koo Kim, ní 1982 tó sọ ọ́ di 12, àti pé ẹni ńlá kì í lè mí dáadáa títí dé abala 15. Ìṣòro mìíràn ni pé oyè ti pín. Àwọn àjọ WBA, WBC, IBF àti WBO ní ìgbànú tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀gá mẹ́rin sì lè wà lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú ìpínyà yìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti rí ọ̀nà wọlé. Henry Akinwande, tí wọ́n bí ní London, gba ìgbànú WBO ní 1996. Samuel Peter gba ti WBC ní 2008. Anthony Oluwafemi Joshua, ọmọ Watford tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, gba wúrà ní Olympics London 2012. Níwájú nǹkan bí ènìyàn 90,000 ní Wembley ní 2017, ó dìde lẹ́yìn tí Klitschko lù ú ṣubú, ó sì dá ìjà náà dúró ní abala 11. Ìjà kan yìí tó fi í sínú ìtàn. Àwọn tó fẹ́ fi í sáàárín Louis àti Ali gbọ́dọ̀ ka àdánù tó jẹ lọ́wọ́ Andy Ruiz àti Oleksandr Usyk mọ́ ọn, pàápàá Usyk tó nà án lẹ́ẹ̀mejì ní 2021 àti 2022.

Usyk yìí, ará Ukraine tó ti ẹ̀ka tó fúyẹ́ gòkè wá, kó ìgbànú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní Riyadh ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Fury tó nà lọ́jọ́ náà fi nǹkan bíi kílò 17 tẹ̀wọ̀n jù ú lọ, ó sì fi orí ga jù ú.