Oúnjẹ Òrìṣà, Májèlé Ajá: Ọ̀rọ̀ Kòkó láti Agége dé Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo dúpẹ́ pé ẹ ò tíì gbàgbé mi. Àmọ́ àwọn kan nínú yín ti fẹ́ sọ mí di ohun tí n kò jẹ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí láti Ìsọlọ̀: "Prof, ẹ kú ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ajá wa jẹ ṣokoléètì tí ẹ̀gbọ́n gbé bọ̀ láti London. Kí ni ká ṣe?" Dókítà ni mí lóòótọ́, àmọ́ dókítà èdè ni. Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran báyìí báyìí, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò ṣàìsàn. Ẹni tí ajá tirẹ̀ ti jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń ka èyí, kí ó dìde, kí ó máa lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí yóò dúró dè é. Ẹni tí ara tù ni kó jókòó, nítorí ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà dùn, ẹ̀yìn odi wa níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Láti Òṣòdì, tí ènìyàn bá tẹ̀ lé ojú irin, Ìkẹjà ni yóò kàn, lẹ́yìn náà Agége. Nítòsí Agége yẹn, ní Ìjọn, ni James Pinson Labulo Davies ti gbin kòkó ní 1879 àti 1880. Irúgbìn rẹ̀ ti inú ọkọ̀ ojú omi Bràsíl kan àti erékùṣù Fernando Po wá. Òótọ́ ni pé ìjòyè kan, Squiss Ibaningo, ti gbìn ín lápá Bonny ní 1874, àmọ́ ti Davies ló bí ọmọ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni Davies, Sàró ni wọ́n ti bí i. Ó wa ọkọ̀ ojú omi, ó ṣòwò, ó là. Òun ló fẹ́ Sarah Forbes Bonetta ní Brighton ní 1862, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria mú bí ọmọ. Ìgbà tí gbèsè wó òwò rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 1876 ló kọjú sí oko. Mo máa ń rò ó pé bí òwò ọkùnrin yẹn kò bá fọ́, bóyá ìtàn wa ìbá gba ọ̀nà mìíràn.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò kéré. Jacob Kehinde Coker ní oko ńlá ní Ìfàkò, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọmọ òkè tó wá ṣe lébìrà lóko wọn, bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á di irúgbìn sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe dé Ìbàdàn, Iléṣà àti Òǹdó. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 ló wá ń kó o bọ̀ ní Èkó, tó ń gba Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ ló gbé ìwé ọ̀fẹ́ ọdún 1955 dúró ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èmi náà wà lára àwọn tí kòkó rán níléèwé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú kòkó lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi díẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà "kòkó" ti rìn jìnnà. Láti ẹnu àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ni àwọn Spéìn ti gbà á, wọ́n ń pè é ní cacao. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ pa á pọ̀ mọ́ coco, ìyẹn àgbọn, ló bá di cocoa. Àwa ní tiwa fún un ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, kó má baà dọ́gba pẹ̀lú kókó orí igi tàbí kókó ọ̀rọ̀. Ní 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ igi náà ní Theobroma. Èdè Gíríìkì ni: oúnjẹ àwọn òrìṣà. Ní 1841, ọmọ Rọ́ṣíà kan, Woskresensky, yọ nǹkan kíkorò kan jáde nínú hóró kòkó. Ara orúkọ igi náà ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ: theobromine. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe. Nílẹ̀ wa, ajá ni oúnjẹ Ògún, ará Òǹdó kò ní bá mi jiyàn. Oúnjẹ àwọn òrìṣà ti Gíríìkì ló wá ń pa oúnjẹ òrìṣà tiwa.

Bí ó ṣe ń pa á rèé. Theobromine máa ń jí ara sílẹ̀ bí kọfí ṣe ń ṣe. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, láàárín nǹkan bíi wákàtí méje sí mẹ́jọ, ara ti lé ìdajì rẹ̀ lọ. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀, ó tó wákàtí 17 ààbọ̀ kí ìdajì tó kúrò. Ohun tí ènìyàn jẹ tó fi sùn dáadáa, inú ajá ló kó sí, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kíkankíkan, tí iṣan ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni àmì máa ń yọ: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, àìlè jókòó sójú kan, mímí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, gìrì á gbé e, ọkàn rẹ̀ lè dúró.

Ẹnìkan bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tó mọ́gbọ́n dání: "Bí kòkó bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ajá àwọn bàbá wa kò kú tán lóko?" Èrò tèmi ni pé ìkorò ló dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó bá ti la kòkó rí mọ̀ pé omi funfun tó yí hóró ká ló dùn, àwa ọmọdé máa ń lá a, a ó sì tu hóró rẹ̀ dànù. Hóró yẹn korò bí ewúro. Ajá kò wulẹ̀ ní jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Ilé iṣẹ́ Fry ní Bristol ló kọ́kọ́ ṣe ṣokoléètì jíjẹ ní 1847, ní 1875 Daniel Peter ní Switzerland po mílíìkì mọ́ ọn. Ṣúgà àti mílíìkì ló bo ìkorò mọ́lẹ̀, májèlé kò sì kúrò níbẹ̀. Ajá mọ adùn lẹ́nu, ológbò kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í gbọ́ pé ológbò jí ṣokoléètì jẹ. Ohun tí ajá kò lè fẹnu kàn lóko, Òyìnbó ti sọ ọ́ di àdídùn kó tó padà wá.

Ó sì pẹ́ kó tó padà wá. A ń kó hóró lọ, ṣokoléètì kì í bọ̀ sọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn Òyìnbó gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìjà rẹ̀ lára ẹran. Nígbà ogun Hitler, tí oúnjẹ ẹran wọ́n ní Britain, wọ́n fi èèpo àti àṣẹ́kù kòkó láti ilé iṣẹ́ bọ́ ẹran ọ̀sìn. Ní 1943 àwọn dókítà ẹran wọn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ẹran tó jẹ èèpo kòkó tiwa ni o! N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ajá náà ti yí padà láàárín wa. Ajá ọdẹ ni ti àwọn bàbá wa, ajá tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pòwe fún aládùúgbò. Tanímọ̀la, wọ́n á pè é sókè kí ẹni tí wọ́n ń bá wí lè gbọ́. Àjẹkù ni oúnjẹ rẹ̀, ìta ni ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kún, tí olè pọ̀, ajá di ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, gbogbo wọn sì ń jẹ́ Bíńgò. Lónìí, ní Àjàó àti Òkòta, ẹ ó rí ajá kékeré onírun gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń sùn lórí àga. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí ní 1979 kò jìnnà sí wa. Nínú àpò àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní oṣù Kejìlá, ṣokoléètì kì í wọ́n, ẹ̀bùn tó rọrùn jù ni. Àpò wà nílẹ̀ ní pálọ̀, ajá wà ní pálọ̀. Imú ajá kì í ṣe imú tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ní àdúgbò kan ní Ìsọlọ̀, ajá ẹnìkan kú lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń sọ pé, "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ." Ẹ rántí ohun tí mo kọ́ yín ní ọdún kejì: Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láìdárúkọ ẹni tó ṣe é, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní in. "Wọ́n" là ń lò. "Wọ́n jí i gbé", "wọ́n pa á." Nínú gírámà, "wọ́n" yìí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Nínú kọ́ḿpáùn, kíá ló máa ń ní ojú, ní imú, ní nọ́ḿbà yàrá. "Wọ́n" ọ̀hún di ayálégbé tí ariwo ajá máa ń yọ lẹ́nu. Odidi oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi kí ara wọn. Bébà ṣokoléètì dúdú méjì tó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ wà lábẹ́ àga, ọmọ ọ̀dọ̀ gbá a sóde, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Kò sí ẹni tó lè sọ nísinsìnyí pé ohun tó pa á gan-an nìyẹn, nítorí dókítà kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bú kò bú ajá ẹnikẹ́ni rí kọjá pé ariwo rẹ̀ pọ̀.

Kí ajá yẹn tó kú, wọ́n ti da epo pupa sí i lọ́fun. Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn sí èyí. Epo pupa ni èrò májèlé láti ayé àwọn ìyá wa, n kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n epo kì í di theobromine mú. Ajá tó ń gbọ̀n, tí ẹ ń fi agbára da epo sí lẹ́nu, epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn nìkan tó pa á. Omi iyọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ májèlé ni fún ajá. Èédú tí dókítà ń lò yàtọ̀ sí èyí tó wà nídìí àdògán, ẹ má lọ lọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ṣokoléètì ló rí bákan náà. Fún kílò kan ara ajá, bí theobromine bá tó mílígíráàmù 20, inú rẹ̀ á dàrú. Bí ó bá tó 40 sí 50, ọkàn wọ ìyọnu. Bí ó bá tó 60, gìrì lè dé. Ṣokoléètì onímílíìkì ní nǹkan bí mílígíráàmù méjì nínú gíráàmù kan, dúdú ní bíi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́búlẹ́bú kòkó gidi ní bíi ogún. Bíńgò tó wọn kílò 15, tó jẹ gíráàmù 100 ti onímílíìkì, 13 péré ló bọ́ sí kílò rẹ̀ kan. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ dúdú, ó ti di 33. Bí ó bá la àádọ́ta gíráàmù lẹ́búlẹ́bú kòkó tí ẹ fẹ́ fi ṣe kéèkì, ó ti lé ní 60. Ajá kékeré orí àga yẹn tó wọn kílò mẹ́ta, onímílíìkì gíráàmù 100 yẹn náà ló gbé e kọjá 60. Funfun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Èyí tí wọ́n kọ "kò ní ṣúgà" sí lára, ẹ wò ó bóyá xylitol wà níbẹ̀. Èyíinì ń pa ajá kíákíá ju kòkó lọ.

Nítorí náà, ẹ gba ìyókù lẹ́nu rẹ̀, ẹ ṣa gbogbo bébà rẹ̀ jọ, títí kan èyí tó ya. Ẹ kọ aago tó jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ajá lé ìwọ̀n, tàbí kí ẹ gbé e dání kí ẹ gorí ìwọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ẹ pe dókítà ẹran, ẹ ka nǹkan mẹ́ta yìí fún un: irú rẹ̀, iye rẹ̀, àsìkò rẹ̀. Bí kò bá tíì pẹ́ tí ara rẹ̀ kò sì tíì gbọ̀n, dókítà lè fún un ní oògùn tí yóò mú un bì, kó fún un ní èédú oògùn tí yóò di májèlé mú nínú ìfun, kó fa omi sí i lára, kó sì fi oògùn dá gìrì dúró. Ẹ má fúnra yín mú un bì. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bọ́ pátápátá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ máa mú un jáde lemọ́lemọ́ kó lọ tọ̀, nítorí bí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú àpò-ìtọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á tún fa theobromine tó wà nínú rẹ̀ padà.