Omi Gbígbóná Ìkọ́gòsì àti Àwọn Tí Ó Pa Á Mọ́

Bí àlejò bá dé Òkè-Ìlá ní Adó, tí ó sì bèèrè ohun ìyanu ilẹ̀ Èkìtì, Ìkọ́gòsì ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Ìlú àgbẹ̀ ni, láàárín àwọn òkè ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Níbẹ̀ ni omi gbígbóná ti ń sun láti inú òkè, tí omi tútù sì ń wá pàdé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

A máa ń gbọ́ pé òyìnbó ni ó rí omi náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ní ọdún 1952 ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́run John McGee, ará Amẹ́ríkà, ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ sí tún ibẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ni àwọn ará ìlú ti ń sọ ìtàn obìnrin méjì, aya ọdẹ kan, tí ọ̀kan jẹ́ onínúfùfù, tí èkejì jẹ́ onísùúrù, tí àwọn méjèèjì sì di omi. Ènìyàn kì í pìtàn ohun tí kò mọ̀.

Ogun Kírìjì jà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893. Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn ènìyàn tún gba oko wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé, àwọn agégi sì tẹ̀ lé e. Kòkó a máa fẹ́ ìbòòji. Nítorí náà àgbẹ̀ ọlọgbọ́n kì í gé gbogbo igi ńlá tán.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí. Òjò ni ó ń wọ pàlàpálá àpáta, tí ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un gbóná, tí ó sì ń padà sun jáde. Níbi tí igbó bá wà, òjò a rọra wọlẹ̀. Níbi tí òkè bá wà ní ìhòòhò, àgbàrá a gbé omi àti erùpẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá pa igbó orí òkè run, orísun omi ni ó ń ṣe ní ibi.

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, àwọn aláṣẹ rẹ̀ ti náwó sí ilé àlejò níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yin ẹni tí ó kọ́lé fún àlejò, ó yẹ kí àgbẹ̀ tí ó dá igi sí pẹ̀lú jẹ nínú èrè rẹ̀.