Ìwé Ìpàtẹ Kì í Ṣe Ìwé Fọ́tò: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Fọ́tò Òde Òní ní Dubai àti Sharjah

Láìpẹ́ yìí ni ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ pé owó epo nìkan ló gbé iṣẹ́ fọ́tò dúró ní Dubai àti Sharjah. Ó ní ìpàtẹ lára ògiri ni ọjà gan-an, pé ènì lásán ni ìwé tó ń tẹ̀ lé e, àti pé níbi tí owó epo kò bá sí, kí onífọ́tò má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́, nítorí iṣẹ́ gidi ló ti ṣe lórí ère ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ti ń tún un sọ.

Ohun tí à ń pè ní fọ́tò òde òní kò ṣàjèjì sí òǹkàwé ìwé yìí, n kò ní dúró lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Abu Dhabi ló ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú epo Ẹ́míréètì. Ti Dubai àti ti Sharjah kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Dubai, ọwọ́ aládàáni ni iṣẹ́ náà ti gbèrú. Gulf Photo Plus bẹ̀rẹ̀ ní 2004 gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn onífọ́tò. Lónìí ó wà ní Alserkal Avenue, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí Al Quoz, níbi tí ilé iṣẹ́ òkúta mábù wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n ń tẹ fọ́tò, wọ́n ń pàtẹ rẹ̀. Ní alẹ́ Slidefest, onífọ́tò á dìde níwájú èrò, á fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀. Gálárì The Third Line ṣílẹ̀kùn ní 2005, ó sì ti pàtẹ iṣẹ́ Lamya Gargash àti Farah Al Qasimi. Gargash yìí ló ṣojú Ẹ́míréètì ní ìpàtẹ ńlá Venice Biennale ní 2009, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀. Fọ́tò àwọn hòtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ kan ló kó lọ.

Ní Sharjah, owó ààfin hàn kedere, n kò jiyàn. Ọmọ ọba, Hoor Al Qasimi, ló ń darí Sharjah Art Foundation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009. Àjọ yìí ló ń ṣe Vantage Point láti 2013, ìpàtẹ fọ́tò ọdọọdún tí ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Àjọ̀dún fọ́tò Xposure, ti iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ẹlẹgbẹ́ mi kà wọ́n tán, ó sì dúró síbẹ̀. Kò dárúkọ Focal Point, ọjà ìwé iṣẹ́ ọnà tí àjọ kan náà dá sílẹ̀ ní 2018, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé kéékèèké ti ń kó ìwé wọn sórí tábìlì tí wọ́n sì ń tà á lọ́wọ́ sí ọwọ́. Ìdí tó fi fò ó ni pé gbogbo ìwé tó ní fọ́tò nínú, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà.

Ìwé ìpàtẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ń jẹ́rìí pé ní ọjọ́ báyìí, nínú ilé báyìí, iṣẹ́ báyìí wà lára ògiri. Ó ń sọ bí ó ṣe gùn tó, bí ó ṣe fẹ̀ tó, ẹni tó yá wọn lò. Ìwé fọ́tò kì í jẹ́rìí fún ohunkóhun, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó wọ gálárì lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó lè fo fọ́tò mẹ́ta kó lọ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé fọ́tò, ẹni tó tò ó ló ń fà wá lọ́wọ́. Fọ́tò ojú ewé òsì ń bá ti ọ̀tún sọ̀rọ̀. Ojú ewé tó ṣófo dà bí ìgbà tí onílù gbé ọwọ́ sókè tí kò tíì lù. Bí bébà ṣe nípọn, bí wọ́n ṣe rán an, bí ó ṣe wúwo lórí itan ẹni tó ń kà á, gbogbo rẹ̀ wà lára iṣẹ́.

Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2001, tú "àwòrán" sí ohun tí a ń wò láti fi rántí, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "awòran", ẹni tó wá wo ìran. Èmi fi kún un pé ìpàtẹ ń sọ wá di awòran. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tú u palẹ̀. Ìwé ni a lè padà sí lóru, lẹ́yìn ogún ọdún, nílùú mìíràn.

Ìdánwò tí mo máa ń lò kò le: ká gbàgbé pé ìpàtẹ kankan wáyé, kí ni yóò kù nínú ìwé náà? Ẹ dán ìwé Hello Future ti Farah Al Qasimi wò, tí Capricious tẹ̀ jáde ní 2021. Nínú iṣẹ́ obìnrin yìí, ojú ènìyàn kì í sábà hàn. Aṣọ, èéfín tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ló ń bò ó. Lára ògiri, fọ́tò kan lè dà bí àrà lásán. Nínú ìwé, bí a ṣe ń ṣí ewé ni à ń wá ojú tí a kò rí, wíwá yẹn sì ni ìtàn ibẹ̀. Black Male/White Male ti Rotimi Fani-Kayode náà yege. Ó jáde ní 1988, ọdún kan kí ọmọ Èkó náà tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ògiri tí a nílò kó tó yé wa.

Wọ́n lè fi Okwui Enwezor, olùṣètò ìpàtẹ ọmọ Nàìjíríà, ta kò mí. Òun ló ro èrò Sharjah Biennial kẹẹ̀ẹ́dógún, tó ṣí ní 2023, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé tó bá ìpàtẹ rẹ̀ In/sight ti 1996 àti Snap Judgments ti 2006 jáde, à ń kà wọ́n títí di òní. Òótọ́ ni. Àròkọ inú wọn ló mú wọn pẹ́. Ẹlẹ́rìí rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà ni wọ́n.

Wàyí o, owó epo. Àwa náà ní in ní 1977. Òun ni wọ́n fi ṣe FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Èkó, òun ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn ńlá Iganmu. Marilyn Nance, ọmọ Amẹ́ríkà, ya fọ́tò àjọ̀dún náà. Ọdún márùndínláàádọ́ta kọjá kí ìwé rẹ̀, Last Day in Lagos, tó jáde ní 2022, òǹtẹ̀wé New York àti ti Johannesburg ló sì tẹ̀ ẹ́. Ní ọwọ́ kejì, Centre for Contemporary Art tí Bisi Silva dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2007 kò ní kànga epo kankan, síbẹ̀ ó gbé ìwé ńlá jáde lórí J.D. 'Okhai Ojeikere ní 2014, ọdún tí bàbá náà kú. Owó wà, ìwé kò sí. Owó kò sí, ìwé wà. Òǹtẹ̀wé ló ń fa ìyàtọ̀ náà, ìyẹn ẹni tó gbà pé títo ewé jẹ́ iṣẹ́ tó tó jẹ.

N kò sọ pé ohun gbogbo dán mọ́rán ní Ẹ́míréètì. Ní 2011 wọ́n yọ Jack Persekian kúrò nípò olùdarí Sharjah Art Foundation nítorí iṣẹ́ kan tí Mustapha Benfodil pàtẹ. Òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2021 lè fìyà jẹ ẹni tó ya ènìyàn láìgbàṣẹ. Hello Future pàápàá, New York ni òǹtẹ̀wé rẹ̀ wà. Nítorí náà, mo rọra sọ ọ́: ó jọ pé ìpàtẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Dubai àti Sharjah, pé ìwé fọ́tò ṣì ń wá ilé níbẹ̀, àti pé ọjà bí Focal Point lè fún un ní ilé náà ju ẹ̀bùn ńláńlá lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó ju èyí, kó mú un wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé tó ń wá ilé yìí ló gbé mi dé Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai. Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà níbẹ̀ ti ya fọ́tò ara wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, níwájú Clock Tower, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù dídì, wọ́n á kọ orúkọ àti déètì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti rí álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta ní Ìbàdàn àti Ṣàgámù, mo sì fẹ́ kó wọn sínú ìwé kan. Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, kọ ọ́ sílẹ̀ bí onífọ́tò ṣe ń tẹ àwòrán ìbejì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kí èkejì tó ti lọ lè jókòó tì í. Mo rántí èyí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sọ fún mi pé bí fọ́tò òun bá máa wọ ìwé, kí n fi ti ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ń ná Deira, tó ti ṣaláìsí, sí ojú ewé tó kọjú sí tòun. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.