Òbí, Ọmọ àti Àjẹsára: Àríyànjiyàn lórí Àrùn Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní Kánò

1. Ìfáárà
Orúkọ tí Yorùbá sọ àrùn yìí ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ tán: rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí í rọ ọmọ ní apá, tí í rọ ọ́ ní ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó ń bá jà jù. Kò sí oògùn tí ó lè wò ó sàn. Àjẹsára ni a fi ń dènà rẹ̀. Ní ọdún 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu láti lé e kúrò láyé. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí ní ìhà àríwá Nàìjíríà fi kọ àjẹsára náà, àti ohun tí ó yí wọn lọ́kàn padà. Èrò wa ni pé ìfẹ́ ọmọ ni tọ̀tún-tòsì jọ ń sọ. Ẹni tí ó yẹ kí a gbà gbọ́ ni wọn kò fi ẹnu kò lé lórí.

2. Orísun ìfura
Ní ọdún 1996, àrùn yínrùnyínrùn, èyí tí í mú ọrùn gan, jà rànyìn ní Kánò. Ilé-iṣẹ́ apòògùn Amẹ́ríkà kan wá dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn òbí kan sọ lẹ́yìn náà pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ní ọdún 2009 sì ni wọ́n fi owó yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá.

3. Ìjà ọdún 2003
Kò yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé ní ọdún 2003 àhesọ gba ìlú kan pé oògùn tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn, yóò sì kó éèdì ràn wọ́n. Ìjọba Kánò dá iṣẹ́ náà dúró fún nǹkan bí oṣù 11. Ọdún 2003 yìí kan náà ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, èyí tí ó ní kí òbí rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gba àjẹsára pé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣe ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé í ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tuntun, tí wọ́n sì ra oògùn láti Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni Kánò tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Àrùn náà ti ràn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2006, ọmọ 1,122 ni ó mú ní Nàìjíríà.

4. Ewu tí ó wà àti èyí tí kò sí
Àyẹ̀wò kò fi hàn pé oògùn náà ń sọ ènìyàn di àgàn. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò ní ewu rárá. Kòkòrò àrùn náà gan-an, tí a ti sọ di aláìlágbára, ni ó wà nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ tí ó gba àjẹsára kò bá pọ̀ tó, kòkòrò yìí lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn, kí ó yí padà, kí ó sì tún lágbára. A rí i pé kíkọ̀ àjẹsára ni ó ń fún ewu yìí láàyè. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lo irú tuntun tí kì í tètè yí padà bẹ́ẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀
Láti ọdún 2009, àwọn ọba aládé ìhà àríwá, tí Súlútáànì Sókótó ṣíwájú wọn, gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Àwọn tí àrùn ti sọ di arọ náà ń lọ láti ilé dé ilé láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn agbébọn pa àwọn obìnrin tí ń kán oògùn ní Kánò, síbẹ̀ iṣẹ́ kò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí ó ti ara oògùn yí padà ṣì kù láti bá jà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúṣe òbí ni láti béèrè ohun tí a fẹ́ fi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ojúṣe ìjọba àti oníṣègùn ni láti dá a lóhùn ní òtítọ́, ní èdè tí ó gbọ́. Níbi tí ìdáhùn kò bá ti sí, ọmọ ni yóò san gbèsè náà.