Ẹ Má Gbé Ògiri Sókè Kí Owó Òrùlé Tó Yọjú

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti gbogbo ibi tí ọjà gbé wa dé, ilé kíkọ́ sílé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé lọ́dún, ẹ ó rí ilé tó dúró sí lẹ́ńtẹ̀, tí koríko ti gba inú rẹ̀. Èmi náà ní irú ẹ̀ rí. Kì í ṣe pé owó ò sí rárá. Ìgbà tí owó ń wọlé àti ìgbà tí iṣẹ́ ń bèèrè owó ni ò bára mu.

Ìṣirò méjì ló wà ńbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iye tí ilé máa jẹ. Ẹ pín in: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, iná àti omi, rírẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kí bíríkìlà àti káfíńtà kọ iye ohun èlò sílẹ̀, kì í ṣe owó nìkan, torí owó ló ń yí padà. Búlọ́ọ̀kù bíi 10 ló ń gba ògiri mítà kan ní ìbú àti òró. Ògiri tó gùn ní mítà 12, tó ga ní mítà 3, á gba bíi 360, kẹ́ ẹ tó yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Iye tí wọ́n ń tà á níbi tí ilé wà ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe tibi tẹ́ ẹ ń gbé.

Èkejì ni oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan máa jáde. Ẹ fa ìlà sínú ìwé: oṣù, owó tó wọlé, owó tó jáde, èyí tó kù. Kí owó àjọ, owó alájẹṣẹ́kù àti èrè ọjà wà lóṣù tiwọn. Owó ilé-ìwé ọmọ àti ojú owó òwò ò sí nínú ẹ̀.

Òrùlé ò ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù. Ká ní ó máa jẹ mílíọ̀nù 4 náírà, tẹ́ ẹ sì ń fi 250,000 pamọ́ lóṣù, oṣù 16 nìyẹn. Bí àjọ mílíọ̀nù kan àbọ̀ bá tún bọ́ sí yín lọ́wọ́ lóṣù kẹjọ, oṣù kẹwàá ló pé. Bí ọjà bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, ó di oṣù kejìlá. Ẹ wo oṣù yẹn kẹ́ ẹ tó gbé ògiri, kí òjò má baà máa na ògiri lásán.

Ọjà ń gbówó lórí lóòótọ́. Lóṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì 50 kílò kọjá 10,000 náírà lọ́pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi ìdá 10 yẹn kún gbogbo ìṣirò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ ra sìmẹ́ńtì jọ; bó bá pé oṣù mẹ́ta, agbára ẹ̀ á ti dín. Páànù ló ṣeé rà sílẹ̀.

Ìpìlẹ̀ lè dúró dè yín. Ògiri tí ò ní òrùlé ò lè dúró pẹ́.