Ìfàmọ́ra Kọ́ Ni Àjọpàṣẹ

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ètò wọn báyìí pé olórí tó bá fẹ́ ṣe dáadáa kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Inclusion ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwà yìí, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ni ìfàmọ́ra. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò tó. Ẹni tó ń fa èèyàn mọ́ra ló ni ilé. Òun ló mọ ìgbà tí yóò ṣílẹ̀kùn àti ìgbà tí yóò tì í. Ẹni tí wọ́n fà mọ́ra lè máa dúpẹ́ títí láìlẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tó yẹ kí olórí ẹgbẹ́ fi ṣíwájú, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àṣẹ wà àti àwọn tó ń pín in.

Ẹ wo ìtàn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà, American Psychological Association, tí wọ́n ń pè ní APA. Ọdún 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Clark, G. Stanley Hall sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1905, Mary Whiton Calkins di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Harvard, níbi tó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ oyè dókítà parí, kọ̀ láti fún un ní oyè náà torí pé obìnrin ni. Margaret Floy Washburn tẹ̀ lé e ní 1921. Lẹ́yìn tirẹ̀, ọdún 51 kọjá kí obìnrin mìíràn tó dépò náà, ìyẹn Anne Anastasi ní 1972. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fáwọn aláwọ̀ dúdú. Francis Sumner gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ yìí ní 1920, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gbà á. Ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Kenneth Clark, àti Mamie ìyàwó Clark fi bèbí ṣe wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tọ́ka sí ní 1954, nígbà tó dá ẹjọ́ pé kò tọ́ láti ya ilé-ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ sí ti funfun. Síbẹ̀, ní 1968, àwọn onímọ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú kóra jọ ní San Francisco, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú gun orí pèpéle ní ìpàdé ọdọọdún APA ní Washington, níbi tí ààrẹ George Miller ti fẹ́ sọ̀rọ̀, láti gbé ohun tí wọ́n ń béèrè kalẹ̀. Ní 1971 ni Clark wá jẹ ààrẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ilẹ̀kùn tì pa mọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí láti 1905 títí di 1971. Wọ́n ti wọlé. Àṣẹ ni kò tíì kàn wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló yẹ ká sọ lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbàwọlé ni kí òfin má ṣe dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìfàmọ́ra ni kí ẹni tó wọlé rí ojúure. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo dábàá pé ká máa pè ní àjọpàṣẹ, ni kí ẹni náà wà níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn ìgbìmọ̀, tí wọ́n ti ń pín owó, tí wọ́n sì ti ń pinnu ìwádìí tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yóò tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ìlànà èdè wa: àjọbí, àjọgbé, àjọjẹ àti àjọṣe wà nílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe. Olórí tó ń ṣe ìdarí àjọpàṣẹ kò lè fọ́nnu pé òun ti gba obìnrin kan tàbí aláwọ̀ dúdú kan wọlé. Wọn yóò bi í pé kí ni wọ́n jọ pinnu.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó yí i ká náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí a bá ń pe gbogbo ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní àwọn tó kéré níye, irọ́ la pa: obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà lónìí. Àwọn tí a tì sẹ́yìn ló bá a mu, torí ó rán wa létí pé ẹnì kan ló tì wọ́n. Ojúsàájú dára fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan, àmọ́ èyí tí ẹni tó ń ṣe é kò fura sí, mo fara mọ́ ìtẹ̀sí-ọkàn. Ó yẹ ká ya ìdọ́gba sọ́tọ̀ sí ìbágbáramu pẹ̀lú: ẹgbẹ́ tó bu owó kan náà fún ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdọ́gba. Èyí tó wo agbára oníkálukú ṣe ìbágbáramu.

Àwọn kan lè sọ pé ilẹ̀ Yorùbá ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé ọmọdé kì í bá wọn jókòó pàṣẹ, àti pé àjọpàṣẹ jẹ́ àṣà àwọn aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n Aláàfin kì í dá ṣèjọba láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sì ní Ìyálóde. N kò ní bù mọ́ ọn o: Ìyálóde kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ìjòyè ọkùnrin kò jìnnà sí ipò tí Calkins wà ní 1905. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe òkèèrè ni èrò pé kí àṣẹ má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ti wá bá wa.

Àtakò tó wúwo jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe? Ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Bí àwọn ará abúlé bá lè kópa nínú ìwòsàn, kò yẹ kí èdè wọn ṣàì lè sọ bí ó ṣe yẹ kí a ṣàkóso ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo aláìsàn. A sì ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí rí. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò. Asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán pàápàá, ẹnì kan ló ṣẹ̀dá wọn.

Mo rọ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá pé kí wọ́n pe àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó gbọ́ Yorùbá jókòó, kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọpọlọ, àwọn àkàndá ẹ̀dá àti àwọn tó ti gba ìtọ́jú rí wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tàbí kí wọ́n fi èyí tó sàn jù rọ́pò wọn.